Ẹ̀tọ́ Onílé Ni: Lórí Àlejò Tó Fẹ́ Ọmọ Ìlú

Ẹ̀yin àgbààgbà Yorùbá ní Niamey, ẹ̀yin lemọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti gbogbo ọlọ́jà Wadata, ẹ̀yin àna wa, ọmọ Zarma, ọmọ Hausa, ọmọ Tuareg, tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wá bá wa jókòó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n dáhùn kò fara pamọ́. Ẹni tó wọ̀lú bí arìnrìn-àjò, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn pé òun ń bọ̀ wá gbé, bó bá rí aya tàbí ọkọ fẹ́ níbẹ̀, ṣé kí ìjọba gbà á láyè kó dúró, àbí kí wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá? Èmi ní kó dúró. Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, ojú àlejò nìkan ni wọ́n ń wò: ṣé olóòótọ́ ni, ṣé ìwé ló ń wá, ṣé ó ní owó lọ́wọ́. Ojú onílé ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ọmọbìnrin Zarma tó fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Niger ni. Bí ìjọba bá lé ọkọ rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú méjì: kó fi ọkọ sílẹ̀, tàbí kó fi ìlú bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Kò jalè, kò parọ́, kò rú òfin ibodè kankan. Ọkọ ló fẹ́. Ẹ̀tọ́ tí à ń jiyàn lé lórí lónìí, tirẹ̀ ni. Lára ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni àlejò ti ń jẹ.

Kí ni à ń pè ní arìnrìn-àjò ní àdúgbò yìí? Òyìnbó tó wá ra ẹ̀gbà fàdákà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Tuareg ní Village Artisanal, arìnrìn-àjò ni. Ọmọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Wadata pẹ̀lú báàgì kan, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lójú òfin, arìnrìn-àjò ni òun náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 1979, ní Dakar, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí àwọn ará ibí ń pè ní CEDEAO, fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Bó bá nídìí láti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Àdéhùn náà kò bi í bóyá fàájì ló bá wá tàbí òwò. Ní 1986 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́ kún un, ní 1990 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kún un. Iṣẹ́ àti òwò ló gba ojú ìwé púpọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń sọ 90 ọjọ́ di 30 ọdún tó ìgbéyàwó. Mo rí yín níbẹ̀ tí ẹ ń mi orí. Ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn: ẹni tó ní ọjà yìí ni òun wá wò, ọmọ rẹ̀ kẹrin ti ń kàwé ní lycée.

Ìgbà tí àdéhùn Dakar dúró lẹ́sẹ̀, a lè fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Kò ṣe é fojú fò mọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ 2023 ni àwọn ológun gbàjọba níhìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ECOWAS pàṣẹ kí wọ́n ti ibodè. Ọdún Iléyá sì ti bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù lọ́dún náà. Ẹni tó lọ sílé lọ ṣọdún, tó ní kí òun rí àwọn àgbà díẹ̀ kí òun tó padà sídìí ọjà, ó bá ojú ọ̀nà ní títì, ní Illela tó kọjú sí Birni N'Konni, ní Malanville tí afárá odò Ọya ti so mọ́ Gaya. Ìyàwó wà ní Niamey, ọkọ wà ní Ṣakí. Ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé 2024 ni ECOWAS tó mú ìjìyà náà kúrò, oṣù Ẹrẹ́nà ni Nàìjíríà tó ṣí ibodè tirẹ̀. Ẹ ka oṣù náà fúnra yín. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Niger bóyá ó fẹ́ kí ọkọ òun wà lódì kejì odò.

Niger, Mali àti Burkina Faso wá kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS. Nígbà tí ọdún yípo, ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, wọ́n kúrò lóòótọ́. A dúpẹ́ pé ojú kò fọ́ pátápátá. Nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lábẹ́ àsíá AES, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀, kéde pé ọmọ ECOWAS kò ní gba físà kó tó wọ ilẹ̀ àwọn. ECOWAS náà sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó kù pé kí wọ́n ṣì máa fún àwọn ará ibí láyè láìgba físà, títí dìgbà tí ìlànà tuntun yóò fi jáde. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Lánàá, àdéhùn tí ìjọba mẹ́rìndínlógún fọwọ́ sí ló dúró lẹ́yìn àlejò. Lónìí, ìkéde ni. Ẹni tó kéde lè kéde òmíràn lọ́la. Nítorí náà, kí ni yóò di ọkọ tàbí aya mú sínú ilé rẹ̀ bí ìkéde bá yí padà? Ìdí tí mo fi ka ìgbéyàwó kún ohun tó yẹ kí òfin gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn, kó dá dúró ní ààyè ara rẹ̀, kó má rọ̀ mọ́ ECOWAS tàbí AES.

Àwa Yorùbá ti rí ibi tí irú ọ̀ràn yìí ń já sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Ìgbòho, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìlọrin ló kún ọjà Tamale, Kumasi àti Accra nígbà náà. Ẹlòmíràn nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Jerry Eades, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tó kọ ìwé lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà, fi hàn bí wọ́n ṣe rìn jìnnà tó, bí wọ́n ṣe fi ẹbí dá òwò sílẹ̀, àti bí àṣẹ kan ṣoṣo ṣe tú gbogbo rẹ̀ ká. Ohun tí a sábà máa ń rántí ni ọjà tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀, ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ọkọ̀ tí èrò kún dé orí. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ti ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Gánà. Ìlú rẹ̀ kò lé e. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kó máa lọ. Bó bá tẹ̀ lé ọkọ, ó di àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbọ́ èdè, kò mọ ìyá ọkọ rí. Bó bá dúró, ó di adálémosú ní ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé òun àti ọkọ jà. Àwọn ọmọ ń kọ́? Wọ́n á pín wọn: èyí àgbà á bá bàbá lọ, èyí kékeré á dúró lẹ́yìn ìyá. Àwọn tó pín bẹ́ẹ̀, òmíràn kò fojú kan ara wọn mọ́ títí ikú fi dé.

Ìwà yìí kò mọ sí Gánà nìkan. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí, orúkọ wọn ni a fi ń pè é títí di òní. Àwọn náà ní ìyàwó ní Mushin, wọ́n ní ọkọ ní Ìbàdàn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Dakar nígbà náà. Abala kọkànlá àdéhùn ọ̀hún sọ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ lé ẹnìkan, kí ààbò wà fún òun àti ẹbí rẹ̀, kí ohun ìní rẹ̀ má sì ṣègbé. Ẹ jẹ́ ká rántí èyí kí a tó nàka sí ìjọba Niger.

Mo gbọ́ àtakò tó wà lẹ́nu àwọn kan níbí, kì í sì í ṣe àtakò ọ̀tá. Wọ́n ní bí a bá ní kí ìgbéyàwó máa ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn ni yóò gbéyàwó. Òótọ́ ni. Ìgbéyàwó tí a fi ń wá ìwé wà. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Houston, ó wà níbí. Mo bá àwọn tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn kẹ́dùn ju ìjọba lọ: obìnrin tó rò pé òun ní ọkọ, tí ọkùnrin gba káàdì tán tó palẹ̀ mọ́, ìyálé tó wà nílé ní Ìnísà tí kò mọ̀ pé wọ́n ti so yìgì lórí òun. Ẹ̀tàn ni, ó sì yẹ kí òfin jẹ ẹlẹ́tàn níyà. Ọ̀rọ̀ tó kù ni bí a ó ṣe mọ ẹlẹ́tàn yàtọ̀ sí tọkọtaya. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wa ti gba ọ̀nà púpọ̀, wọ́n ti ṣìnà púpọ̀.

Ẹ wo Ìlú Ọba. Ní bíi 40 ọdún sẹ́yìn, òfin wọn ní kí ọkọ tó fẹ́ wọlé fi hàn pé kì í ṣe torí àtidúró sí Ìlú Ọba ni òun fi gbéyàwó. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ han ọlọ́pàá? Bó bá ní òun fẹ́ràn ìyàwó òun, wọ́n á ní kí ló dé tí ìyàwó kò fi wá bá a ní Áfíríkà. Ọdún 1997 ni wọ́n tó fagi lé e. Lákòókò kan náà, aya lè wá bá ọkọ tó ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ọkọ wá bá aya. Ní oṣù Èbìbí 1985, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń ya obìnrin sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba náà ṣe: kàkà kí wọ́n mú ti ọkọ rọrùn, wọ́n mú ti aya náà le, kí méjèèjì lè dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Ní 2005 wọ́n tún gbé òmíràn dé. Àlejò tí ìwé rẹ̀ kò gùn tó gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó tó gbéyàwó, ó sì gbọ́dọ̀ san owó, tó wá di 295 pọ́ùn, àyàfi bó bá jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ti Ìlú Ọba ló ti fẹ́ ṣe é. Mùsùlùmí kò bọ́ sí i, Kátólíìkì kò bọ́ sí i. Àwọn adájọ́ àgbà wọn ta kò ó ní 2008. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2010, ilé ẹjọ́ Strasbourg dá Ìlú Ọba lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Northern Ireland pè. Wọn kò ní owó náà, Kátólíìkì sì ni wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa ètò náà rẹ́. Lóde òní, ẹni tó wọ Ìlú Ọba pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò lè yí i padà sí ti ọkọ tàbí ti aya láìkúrò níbẹ̀. Kódà físà kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ wá gbéyàwó, kó sì padà sílé. Láti oṣù Igbe 2024, ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wọlé gbọ́dọ̀ máa gba 29,000 pọ́ùn lọ́dún. Ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó, tàbí tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, òun náà ọmọ ìlú ni, ṣùgbọ́n òfin sọ fún un pé owó oṣù rẹ̀ kò tó láti ní ọkọ nílé. Mo ní ẹ̀tọ́ onílé ni à ń sọ. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń tà á.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yà mí lẹ́nu pé òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn àgbà wa ì bá ṣe. Ẹni tó gba ojú ọ̀nà wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, tó wá fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, lè tọrọ ìwé láìkúrò nílùú, bí ọjọ́ físà rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n láti òfin 1986, bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì nígbà tí wọ́n fún un ní káàdì, káàdì ọdún méjì ni. Nígbà tó bá ń parí lọ, tọkọtaya á padà wá fi hàn pé àwọn ṣì jọ ń gbé: ìwé ilé, owó báńkì, ọmọ, àwọn ará àdúgbò tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fi ìgbéyàwó ṣe jìbìtì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, kó sì san owó ìtanràn tó tó 250,000 dọ́là. Ilẹ̀ Faransé náà jọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀: ẹni tó gba ojú ọ̀nà wọlé, tó fẹ́ ọmọ Faransé nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì ti jọ gbé fún oṣù mẹ́fà níbẹ̀, lè tọrọ ìwé níbẹ̀ láìpadà sílé.

Ohun tó dára nínú èyí ni pé àkókò ló ń dájọ́. Òfin kò wo inú ọkàn ẹnikẹ́ni, ilé ló ń wò. Ṣé bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn? Nígbà tí àlejò bá wá tọrọ ọmọ, àwọn àgbà á ránṣẹ́ sílé rẹ̀. Ọmọ ta ni? Kí ni wọ́n ń ṣe? Ṣé kò ti ní ìyàwó? Ta ni yóò dúró fún un? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò sí alárinà tó béèrè bóyá ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu á sọ ohun tó wù ú.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀, àwọn obìnrin tó wà níbí á sì mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ìwé rẹ bá wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ, pàṣán ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè nà ọ́ kó sọ pé bí o bá pariwo, òun ò ní fọwọ́ sí i. Ọdún 1994 ni Amẹ́ríkà ṣòfin tó jẹ́ kí aya tí wọ́n ń fìyà jẹ lè tọrọ ìwé fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ ọkọ. Ibikíbi tí a bá ti ní kí ìgbéyàwó máa fúnni níwèé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká kọ sínú òfin náà nìyẹn, kó má jẹ́ àfikún ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn.

Àwa ará Áfíríkà náà ti dá ẹjọ́ tó kọjá ti àwọn òyìnbó wọ̀nyí lọ. Ní 1994, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Zimbabwe gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin ọmọ ìlú tí ìjọba kò fẹ́ kí ọkọ wọn tó jẹ́ àlejò gbé ibẹ̀. Àwọn adájọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ. Wọ́n ní òfin ìpìlẹ̀ fún ọmọ Zimbabwe ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibikíbi ní ìlú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì lé ọkọ rẹ̀ jáde, wọ́n ti lé òun náà jáde. Bí mo ṣe ka ìdájọ́ yẹn ni ọkàn mi ti dúró lórí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún yín lónìí. Ìjọba Zimbabwe kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n yí òfin ìpìlẹ̀ padà ní 1996 láti dá a nù. Ṣùgbọ́n yíyí tí wọ́n yí i kò sọ pé àwọn adájọ́ ṣì í. Ní Botswana, Unity Dow, agbẹjọ́rò tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí pé òfin kò ka àwọn ọmọ tó bí sínú ìgbéyàwó náà sí ọmọ ìlú. Ó jàre, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá a láre ní 1992, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 1995. Òun fúnra rẹ̀ di adájọ́, ó di mínísítà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ilé wa. Òfin ọmọ-ìlú ní Niger, ti 1984 ni. Lábẹ́ rẹ̀, aya tó jẹ́ àlejò lè di ọmọ ìlú nípasẹ̀ ọkọ. Ọkọ tó jẹ́ àlejò kò lè dì í nípasẹ̀ aya. Ní 1999 wọ́n tún un ṣe kí ìyá lè sọ ọmọ rẹ̀ di ọmọ Niger bíi ti bàbá. Ní 2014 wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ṣí ọ̀nà fún ọkọ pẹ̀lú. Èyí ni pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ ọmọ Zarma ní Wadata ní ọ̀nà kan lábẹ́ òfin. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ọmọ Dosso tó lọ ṣòwò ní Ìbàdàn, tó fẹ́ ọmọ Ìbàdàn ńkọ́? Abala 26 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé obìnrin tó bá jẹ́ ìyàwó ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti jẹ́ ẹ rí, lè di ọmọ ìlú. Kò dárúkọ ọkọ. Ọkọ náà ní láti gba ọ̀nà tí gbogbo àlejò ń gbà, kó gbé ibẹ̀ fún 15 ọdún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà 2022, wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja. Wọ́n dìbò, wọ́n sì dà á nù. Àwọn obìnrin lọ péjọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ náà, wọ́n pariwo. Títí di òní, bí abala náà ṣe wà ló wà.

Ẹ má bínú sí mi, n ò lè dúró níbí kí n máa bẹ ìjọba Niger kí wọ́n fi ọkọ wa sílẹ̀ fún ọmọ wọn, kí n má sọ pé Nàìjíríà kò fi ọkọ ọmọ wa sílẹ̀ fún ọmọ wa. Ohun tí a ń tọrọ nílé àna, ẹ jẹ́ ká ti kọ́kọ́ fún àna nílé wa. Ọmọbìnrin Yorùbá tó fẹ́ ọmọ Niger ní Ìbàdàn, ṣé òun kì í ṣe onílé?

Kò yẹ kí a máa dúró de ìgbà tí Abuja bá tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe kí a tó ṣe nǹkan kan. Láti 1971 ni Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe Nàìjíríà àti Niger ti wà. Niamey níbí ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó ti wà ṣáájú ECOWAS, kò sì kú nígbà tí Niger kúrò nínú ECOWAS. Nígbà tí mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Nàìjíríà, Yusuf Tuggar, wá sí Niamey ní oṣù Igbe 2025, ara ohun tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sọ ni pé kí ìgbìmọ̀ yìí tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Kí ìjọba méjèèjì ṣe àdéhùn kúkúrú kan: ọkọ tàbí aya ọmọ ìlú, bó bá gba ojú ọ̀nà wọlé, kò ní lọ sílé nítorí pé 90 ọjọ́ rẹ̀ pé, á gba carte de séjour (ìwé ìgbélùú) ọdún méjì níbi tó wà; lẹ́yìn ọdún méjì, bí ilé wọn bá ṣì dúró, á gba ti ọlọ́jọ́ gígùn; ẹni tí wọ́n bá ń fìyà jẹ nínú ilé lè tọrọ tirẹ̀ láìgbàṣẹ ẹnìkejì; bí wọ́n bá ti ibodè nítorí ọ̀ràn òṣèlú, ọ̀nà á wà fún tọkọtaya àti ọmọ láti kọjá. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ààbò ń ba òun, pé apániláyà lè fi ìgbéyàwó bojú, mo gbọ́. Kí ọlọ́pàá yẹ ẹni náà wò bí wọ́n ṣe ń yẹ gbogbo èèyàn wò. Ẹni tí ìyàwó, àna àti olórí àdúgbò mọ̀, tó ní ojúlé, ó rọrùn láti rí ju ẹni tó ń sá kiri láìníwèé lọ.

Ọwọ́ wa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lemọ́ọ̀mù á so yìgì, wọ́n á ka sàdáàkì, wọ́n á pín obì, gbogbo wa á jẹun. Ó parí. Kò sí ẹni tó lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ọmọ á dé, a ó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí acte de naissance, ìwé ẹ̀rí ìbí. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ìgbéyàwó náà pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá bá dé pẹ̀lú àṣẹ, kì í bá lemọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀. Ìwé ló ń béèrè. Ẹlẹ́tàn tó sanwó fún ìgbéyàwó ayédèrú ló sábà máa ń ní ìwé pípé, nítorí pé ìwé ló bá wá. Tọkọtaya tòótọ́ tó ti lo ogún ọdún pọ̀ ni kò ní nǹkankan lọ́wọ́. Òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì gba ọmọ wọn: abala 25 òfin Nàìjíríà sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, òfin Niger gbà á láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọ tó ní ilé méjì lè wá di ọmọ tí kò ní ilé kankan, nítorí pé bàbá rẹ̀ ní òun á lọ kọ orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin lemọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ẹ béèrè fún nǹkan mẹ́ta: kí ẹ wo òǹtẹ̀ ibodè tó wà nínú ìwé ìrìnnà àlejò tó fẹ́ gbéyàwó, kí ẹ fi fóònù bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ní ìyàwó, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí tọkọtaya á lọ sí mairie. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó tipẹ́, ẹ lọ báyìí, kí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá yín fi ìwé gbe ìgbéyàwó yín. Kí ilé aṣojú Nàìjíríà ní Niamey náà ṣí ìwé kan fún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Kí àdéhùn tí mo sọ yìí tó lè dé iwájú Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe, ó yẹ ká kọ lẹ́tà sí wọn; bí ẹ bá gbà, mo ṣetán láti bá yín jókòó kọ ọ́, ní Faransé àti ní Hausa. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ. Kó má ṣe jẹ́ àwọn àlejò ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Kí àwọn ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Niger, àti àwọn bàbá wọn, fọwọ́ sí i ṣáájú wa.